Ọjọ́ Kẹjọ Láàárín Ìkẹjà àti Vancouver

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, níwájú ilé rẹ̀ ní Alákijà, ó jókòó sórí àga onírọ́bà, ó ń bó ẹ̀pà, ó ń da èèpo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti fi ojú ara mi rí ìdajì rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ìdajì yòókù, òun nìkan ló rí i, ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í parọ́. Irọ́ ń fẹ́ sùúrù, òun kò sì ní sùúrù.

Ilé wa gan-an wà ní Kuje, Kuje ti Amuwo, ẹ má rò pé ti Àbújá ni mò ń wí. Kí ìjọba tó ronú pé òun máa kọ́ Festac la ti wà níbẹ̀. Mi ò fi yangàn. Ibi tí bàbá wa ti ń gbin ẹ̀gẹ́, òpó iná àti títì ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àṣà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan jí dá sílẹ̀ lánàá.

Àṣà náà nìyí. Tí wọ́n bá bí ọmọ sí ilé wa, yálà ọmọ ilé ló bí i tàbí ìyàwó ilé, àwọn òbí rẹ̀ lè sọ ọ́ ní orúkọ tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n oríkì, ẹyọ orúkọ kan ṣoṣo tí ìyá fi ń pọ́n ọmọ lé láàárọ̀, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé ló ń fún ọmọ. Ọjọ́ kẹjọ ló ń fún un. Yóò gbé ọmọ náà sọ́wọ́, yóò fi ẹnu kan etí rẹ̀, yóò pè é sí i. Tí ọjọ́ kẹjọ bá ti kọjá, ó parí. Ọmọ náà á ní orúkọ, kò ní ní oríkì.

Kò sí ẹni tó mọ ìyẹn bíi ẹ̀gbọ́n mi. Àwa méje ni ìyá wa bí, òun nìkan ni kò ní oríkì nínú wa. Nígbà tí wọ́n bí i, ìyá àgbà tó yẹ kó pè é wà ní Àgbádárìgì. Ojú omi ni wọ́n ń gbà wá nígbà náà. Ìjì dá ọkọ̀ wọn dúró sí èbúté kan, ọjọ́ kẹsàn-án ni ìyá àgbà dé Kuje, tòun ti ẹsẹ̀ tútù àti ọmọ obì nínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ní ó ti kọjá. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá kúnlẹ̀ tàbí tí a dọ̀bálẹ̀ kí ìyá wa láàárọ̀, yóò máa pe oríkì wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àyà wa á máa wú. Tó bá kan ẹ̀gbọ́n mi, yóò fọwọ́ kàn án lórí, yóò ní, "O káàárọ̀, ọmọ mi." Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, òun sì ni obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé wa. Tó bá ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé àárọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ náà fẹ́ ọkọ, wọ́n kó lọ sí Vancouver, ní ìpẹ̀kun Kánádà lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti tán tí òkun tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Festac ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Ẹ̀ńjíníà ni. Ó ń gbàdúrà gan-an, ó mọ̀wé, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Ẹ mọ irú wọn. Ẹ béèrè ọ̀nà ilé ìyá yín lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ wo fóònù.

Ọmọ inú oyún náà kò dúró de oṣù rẹ̀. Físà ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ la rò pé yóò lọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ní Kuje, ẹ̀gbọ́n mi sùn sí ilé wa lọ́jọ́ náà, ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ kú oríire, Mọ́mì," ni ọkọ ọmọ wí. "Ọkùnrin ni. Ìyá àti ọmọ wà dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín kí ọjọ́ kẹjọ tó kọjá. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mọ́mì, ibí kò jìnnà. Mo ti wò ó. Láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà sí tiwa níbí, wákàtí mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sùn, ẹ ti dé."

Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Máàpù ayé ni, ìlà pupa kan sì gba orí rẹ̀ kọjá láti Ìkẹjà dé Vancouver, ó rí gbọọrọ bí okùn tí a fi ń sá aṣọ. Wọ́n kọ iye kìlómítà sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ wákàtí mẹ́rìnlá.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí í ṣe olórí ilé, gba fóònù náà. Àlájì la máa ń pè é. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fẹ̀yìn tì, ojú tó fi máa ń wo fáìlì ló fi ń wo gbogbo nǹkan láti ìgbà náà. Ó gbé awò sójú.

"Wákàtí mẹ́rìnlá," ló wí. "Mo ti jókòó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìpàdé."

"Àlájì, òkè òkun ni o," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Aago wọn sì wà lẹ́yìn tiwa ní wákàtí mẹ́jọ. Yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́rìnlá. Mélòó ló kù? Mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn. Nígbà tí títì bàjẹ́, ta ni kò lo wákàtí mẹ́fà dé Ìjẹ̀bú-Òde?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àlájì wá fi tẹ̀sùbáà ka ọjọ́. Bí àwa ṣe ń kà á, ọjọ́ tí a bí ọmọ gan-an ni ọjọ́ kìíní. "Òní Ọjọ́rú, ọ̀kan. Ọ̀la Ọjọ́bọ̀, méjì." Ó kà á títí ó fi kan Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ó di ìlẹ̀kẹ̀ ibẹ̀ mú. "Ọjọ́ kẹjọ nìyí. Tó bá gbéra láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, alẹ́ Ìṣẹ́gun ló dé. Á sinmi. Tó bá di àárọ̀ Ọjọ́rú, á pe oríkì."

Àgbà mẹ́rin ló wà nínú yàrá yẹn, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò béèrè. Ọjọ́ wo ni ní Vancouver? Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wa ní Ọjọ́rú, Ìṣẹ́gun ṣì ni lọ́dọ̀ wọn, oòrùn Ìṣẹ́gun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀. Bí Àlájì ṣe ń ka Ọjọ́rú ní Kuje ni bàbá ọmọ ń ka Ìṣẹ́gun lọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì ń sọ pé "ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ kẹjọ," inú àwọn méjèèjì ń dùn pé ọ̀rọ̀ ti yé àwọn.

Obìnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Festac ló bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kó o sínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀, ó lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀.

"Gbogbo rẹ̀ wà nínú ibẹ̀, bàbá," ló wí fún Àlájì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á o."

Àlájì fi ìka gbá fóònù rẹ̀. "A ti kà á."

Ó pe ọkọ ọmọ lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n mi yóò kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀ Ìṣẹ́gun. Ọkọ ọmọ ṣírò tirẹ̀, ó ní, "Ó dáa gan-an, sà. Wọ́n á dé síbí ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun." Àlájì pa fóònù, ó ní fún mi pé, "Ṣé o rí i? Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ló ń lọ, ọ̀sán Ìṣẹ́gun ló ń dé. Atẹ́gùn gan-an kò lè ṣe é." Èmi kò béèrè ìdí tí ọ̀sán Ìṣẹ́gun fi dùn mọ́ ọmọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, èmi ni mo wa ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìkẹjà. Ó kó orógbó, ataare àti oyin sínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé itan. Láti Alákijà dé Mile 2, tírélà tò bí ẹni tí wọ́n ń pín nǹkan fún. Wákàtí méjì ààbọ̀ kọjá ká tó rí ẹnubodè pápákọ̀. Ẹni tó kọ wákàtí mẹ́rìnlá sí abẹ́ máàpù, kò ka ìyẹn mọ́ ọn. Òun rò pé ẹnu ọ̀nà bàálù làwa ń sùn.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi béèrè lọ́wọ́ mi. "Wákàtí mẹ́rìnlá náà, ṣé òótọ́ ni?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ni wọ́n?"

Mo tẹ fèrè ọkọ̀ sí tírélà tó wà níwájú wa.

"Ibi mélòó ló máa dúró sí?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyá àgbà mi kò béèrè wákàtí rí," ló wí. "Èbúté mélòó ni ọkọ̀ máa kàn, ohun tó máa ń béèrè nìyẹn. Ẹni tó bá mọ iye èbúté ló mọ ìrìn."

Nígbà tí a dé iwájú àwọn tó ń gba ẹrù, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gba àpò ìwé, ó ya ẹnu rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ó ka tíkẹ́ẹ̀tì náà sí wa létí. Aago kan ọ̀sán ni bàálù ń gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi á kọ́kọ́ sọ̀ ní Frankfurt, á jókòó níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Á wọ òmíràn lọ sí Toronto. Á sọ̀, wọ́n á yẹ ìwé rẹ̀ wò, á tún jókòó. Á wọ ìkẹta.

"Ìgbà wo ni màá wá dé?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ọjọ́rú, Ìyá. Ní aago mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀."

Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, mo tún un kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Àlájì ní Ọjọ́rú ni ọjọ́ kẹjọ. Ó ṣì bọ́ sí i." Ó gbé àpò rẹ̀, ó wọlé, kò wẹ̀yìn.

Mo pe Àlájì láti inú ọkọ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló máa dé," ni mo wí. "Ẹ̀ bá ti ṣí àpò ìwé yẹn."

"Fóònù ló sọ pé wákàtí mẹ́rìnlá."

"Fóònù kọ́ ló ń gbé e lọ, Àlájì. Bàálù ni."

"Ṣé èmi ni mo dá ayé ni, tí mo fi òkun sí àárín?" Ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Mo ti padà wo àwòrán yẹn láìmọye ìgbà, ó wà lórí fóònù mi dòní. Ìlà pupa náà, kò sí bàálù kankan tó ń tọ̀ ọ́. Ẹnì kan ló fi ẹ̀rọ fa okùn láti ìlú kan dé èkejì, ó pín in pẹ̀lú eré tí bàálù ń sá, ó ní ìrìn àjò nìyẹn. Kò sí èbúté nínú rẹ̀. Kò sí arúgbó tó jókòó sórí àga irin. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, wọ́n ní. Èyí kò tiẹ̀ fi ẹnu rò ó, ìka ló fi rò ó. Síbẹ̀, àwọn tó kàwé gbà á gbọ́, nítorí pé ó ní nọ́ńbà nínú. Ká ní aláṣejù kan ló dúró ní ìkóríta Alákijà tó ní wákàtí mẹ́rìnlá ni Vancouver, wọ́n á bi í bóyá orí rẹ̀ pé.

Láti ibí lọ, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Ní Frankfurt, wọ́n gba oyin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò dun òun; oríkì kò sí nínú ìgò. Ó jókòó. Obìnrin ará Oǹdó kan tí wọ́n jọ jókòó bá a so fóònù mọ́ ayélujára, ni àwòrán bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìrìwìrì. Ọmọ nínú aṣọ funfun. Àwo ìrẹsì. Fóònù ńlá kan lára ògiri tí pásítọ̀ wà nínú rẹ̀ tó gbọ́wọ́ sókè. Ọkọ ọmọ, tó tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó pè é.

"Kí ni mò ń wò yìí?"

"Mọ́mì. Ẹ má bínú. Mo wá pàdé yín ní pápákọ̀ ní ọ̀sán, tòun ti òdòdó. Mo wo ojú gbogbo màmá tó jáde. Mi ò rí yín, mo padà sílé, àwọn àlejò ti jókòó."

"Ìsọmọlórúkọ lo ṣe yìí?"

"Ọjọ́ kẹjọ ni òní, Mọ́mì."

"Òní Ìṣẹ́gun?"

"Ìṣẹ́gun la bí i."

Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà náà ni òun rí ìyá àgbà Àgbádárìgì, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ẹsẹ̀ tútù. Kò sọ̀rọ̀. Ọkọ ọmọ rò pé ìdákẹ́jẹ́ náà ń fẹ́ ọgbọ́n, ó bá mú un wá.

"Mọ́mì, ẹ lè pe oríkì yẹn báyìí. Màá gbé fóònù sí etí rẹ̀. Màá ṣí sípíkà."

"Ṣí sípíkà náà sí etí ara rẹ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì pa fóònù.

Ó bi ará Oǹdó náà pé, ṣé èèyàn lè padà sí Èkó láti ibẹ̀. Obìnrin náà ní ó ṣeé ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi rò ó. Ó ní ohun tí kò jẹ́ kí òun padà ni pé ìyá àgbà kò padà ní èbúté. Ó mọ̀ pé òun ti pẹ́, ó sì wá.

Nínú bàálù kejì àti ìkẹta, kò sùn. Ó ń ka ọjọ́. Ó kà á láti Kuje, ó kà á láti Vancouver, ó tún kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, oòrùn kò tíì wọ̀, ọkọ ọmọ pàdé rẹ̀. Òdòdó àná ló gbé dání. Wọ́n wakọ̀ délé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́, ó fọ ẹnu, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ wá.

"Mọ́mì," ni ọkọ ọmọ wí, "ọjọ́ kẹsàn-án ti ń parí lọ. Ṣé ó ṣì..."

"Òní jẹ́ ọjọ́ wo níbí?"

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́ tí o pè mí ní Kuje pé ẹ ti bímọ, ọjọ́ wo ni ní Kuje?"

Ó ronú. "Ọjọ́rú ni, Mọ́mì."

"Láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́rú, ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ti Kuje bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fi tibí parí. Ìṣirò kì í lọ báyẹn."

"Wákàtí mẹ́rìnlá lo sọ fún mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Má bá mi sọ̀rọ̀ ìṣirò mọ́ láyé."

Ó ní ọmọ rẹ̀ obìnrin rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó. Ó gbé ọmọ náà, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó pè é.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn lẹ́yìn tó padà dé Alákijà, ẹ̀pà tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni oríkì náà. Ó ní kí n wá ní àárọ̀ ọ̀la. Gbogbo àárọ̀ lòun ń pè é lórí fóònù, ọmọ náà a sì máa yíjú wá.

Àlájì kò gbà. Ó ní bí a bá kà á láti Vancouver, ọjọ́ kẹsàn-án ni. Bí a bá kà á láti Kuje, ní wákàtí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ náà, a ti kí àsùbáà Ọjọ́bọ̀ tán níbí, ọjọ́ kẹsàn-án náà ni. Ó ní ó kọjá, bí ó ṣe kọjá lórí ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́rìnlá, tó fi wákàtí mẹ́fà rán èèyàn lọ sí òkè òkun, òun ló wá di olùṣọ́ aago. Tẹ̀sùbáà kan náà ló fi ń kà á. Ó ní kí ilé pàdé ní Sátidé, kí wọ́n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa pe ọmọ náà ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ó ti rán aṣọ tó máa wọ̀.

Ìwọ tí o ti jókòó tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá ní kí o dìde sọ̀rọ̀ ní Kuje lọ́jọ́ náà, tí obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí kò ní oríkì sì ń wo ẹnu rẹ, ọjọ́ kélòó ni wàá sọ pé ó dé?